Pámíìtì òrùlé ní South Florida: bẹ́ẹ ṣe máa gbà á, bẹ́ẹ ṣe máa rí i pé ó kásẹ̀ nílẹ̀

Ọjọ́ tí a fẹ́ ta ilé tí a kọ́kọ́ rà ní Florida ni mo tó mọ̀ pé òrùlé tí mo ti sanwó ẹ̀ pé, tí mo ti bọ kọntirákítọ̀ lọ́wọ́, tí mo ti ya fótò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi n'Íbàdàn, kò tíì parí lójú ìlú. Àwọn tó ń yẹ ìwé ilé wò fún ẹni tó fẹ́ rà á ló pè wá, wọ́n ní pámíìtì òrùlé yín, ìyẹn ìwé àṣẹ ìlú, ti kọjá ọjọ́ ẹ̀, final inspection, ìyẹn àyẹ̀wò ìkẹyìn, ò wáyé rí. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ní òun ò ní sáìnì. Kọntirákítọ̀ ò gbé fóònù mọ́. A sáré títí, a náwó tí a ò rò tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ yẹn tó lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, mi ò fẹ́ kí Yorùbá kankan tún bá irú ẹ̀ pàdé.

Ẹni tó ní ilé ìdílé kan ní county Broward tàbí Miami-Dade ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní Miramar, Pembroke Pines, Lauderhill, Miami Gardens àti gbogbo àyíká ibẹ̀. Nílé, tí òrùlé bá ń jò, káfíńtà la máa pè, a ó lọ ra páànù ní Odunadé ní Orílé, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n ti kàn án tán. Níbí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí òrùlé yín dànù láìjẹ́ pé ìlú ti fún un ní pámíìtì, ìlú á sì rán wolé-wolé tiẹ̀ wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ parí. Orúkọ kọntirákítọ̀ ló máa wà lórí pámíìtì o, àmọ́ ilé yín ni ìwé yẹn lẹ̀ mọ́. Kọntirákítọ̀ lè kó lọ sí Georgia lọ́la, pámíìtì ò ní bá a lọ.

Ìjì Andrew ló sọ ọ́ di líle báyìí. Ọjọ́ 24 oṣù August 1992 ló wọ Homestead àti gúúsù Miami, ó ṣí òrùlé bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀pọ̀ pákó òrùlé wọ̀nyẹn, píìnì ni wọ́n fi gán an mọ́ igi, ìyẹn staple, àwọn míì tí wọ́n tiẹ̀ fi ìṣó kàn, ìṣó ọ̀hún tàsé igi tó wà lábẹ́. Òfin yí padà látìgbà náà, lónìí Miami-Dade àti Broward nìkan ni Florida Building Code ń pè ní High-Velocity Hurricane Zone, HVHZ, ìyẹn agbègbè tí ìjì ti máa ń le jù, ilé gbígbé lásán gbọ́dọ̀ lè dúró de atẹ́gùn 175 máìlì ní wákàtí kan ní Miami-Dade, 170 ní Broward. Torí náà tí bùrọ̀dá yín tó wà ní Orlando bá sọ pé báyìí ni àwọn ṣe tàwọn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ má sì lò ó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìlú tó ni yín

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà. Àdírẹ́ẹ̀sì yín lè kà pé Miami kó má jẹ́ pé City of Miami ló ni yín, ó lè jẹ́ ilẹ̀ tí county fúnra ẹ̀ ń bójú tó. Ní Broward, ọ̀pọ̀ ìlú ló ní ọ́físì building tiẹ̀, Miramar ò ní gba ìwé Pembroke Pines bó tilẹ̀ jẹ́ pé títì kan ló pín wọn. Ẹ lọ sí wẹ́bùsáìtì Property Appraiser county yín, ẹ tẹ àdírẹ́ẹ̀sì, á gbé orúkọ ìlú jáde pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní folio. Ẹ kọ folio yẹn síbì kan, gbogbo fọ́ọ̀mù ló máa bèèrè ẹ̀.

Bẹ́ẹ bá ti mọ ìlú, ẹ wọ pọ́tàlì pámíìtì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ilé yín níbẹ̀, kẹ́ẹ wo gbogbo pámíìtì tó ti wà lórí ẹ̀ látẹ̀yìnwá. Tẹ́ẹ bá rí èyí tó ṣì ṣí sílẹ̀, bóyá ti ẹni tó ta ilé fún yín, tó gbé ẹ̀rọ omi gbígbóná tàbí fẹ́ǹsì tí kò sì parí ìwé ẹ̀, ẹ yanjú ìyẹn kíákíá torí ó lè dá tuntun dúró. Ẹ wo ọdún tí wọ́n gba pámíìtì òrùlé tó wà lórí ilé báyìí pẹ̀lú, ẹ máa lò ó láìpẹ́.

Ṣé gbogbo òrùlé ni, àbí apá kan?

Tó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀ lẹ fẹ́ pààrọ̀, pámíìtì di dandan, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Tó bá jẹ́ apá kan ló bàjẹ́, òfin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní 25%. Òfin yẹn ní tẹ́ẹ bá ṣe ju ìdá mẹ́rin kan òrùlé lọ láàárín oṣù méjìlá, gbogbo òrùlé gbọ́dọ̀ bá òfin tòní mu. Àwọn ruufà, ìyẹn kọntirákítọ̀ òrùlé, ń fi square wọn òrùlé, square kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún square feet, tí òrùlé yín bá jẹ́ 20 square, tẹ́ẹ bá ti kọjá 5, ẹ ti wọ̀ ọ́.

Àmọ́ ní oṣù May 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ tú u sílẹ̀ díẹ̀: tó bá jẹ́ pé òfin building 2007 tàbí èyí tó tẹ̀lé e ni wọ́n fi kan òrùlé tẹ́ẹ ní, apá tẹ́ẹ ń tún ṣe nìkan ló gbọ́dọ̀ bá òfin tòní mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ẹ wo ọdún pámíìtì àtijọ́ yẹn. Mo mọ ẹ̀gbọ́n kan tí ruufà sọ fún pé dandan ni kí wọ́n ṣí gbogbo ẹ̀, owó gọbọi ni, a wo pámíìtì ẹ̀, 2014 ni. Apá tí igi wó lù nìkan ni wọ́n padà ṣe.

Yíyan kọntirákítọ̀

Lẹ́yìn ìjì, ṣe ni wọ́n máa ń kan ilẹ̀kùn kiri bí olùtà. Ẹ má sáìnì nǹkankan lẹ́nu ọ̀nà o, kódà bí wọ́n bá ní fún àyẹ̀wò lásán ni. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà laísẹ́ńsì wọn, kẹ́ẹ lọ sí myfloridalicense.com, tí í ṣe wẹ́bùsáìtì ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Laísẹ́ńsì ruufà tó lè ṣiṣẹ́ níbikíbi ní Florida máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CCC. Ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, bóyá orúkọ tó wà níbẹ̀ àti orúkọ tó wà lórí àdéhùn yín jọ ara wọn, bóyá wọ́n ti fẹjọ́ ẹ̀ sùn rí. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí ẹ́jẹ́ńtì ìńṣọ́ránsì ẹ̀ fi ìwé ìńṣọ́ránsì ránṣẹ́ sí yín tààràtà, ti liability, tó wà fún ohun tí wọ́n bá bàjẹ́, àti ti workers' comp, tó wà fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Tó bá jẹ́ òun ló fẹ́ fún yín fúnra ẹ̀, ẹ ṣáà tún pe ẹ́jẹ́ńtì yẹn.

Ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ ńkọ́? Òfin Florida ní tí kọntirákítọ̀ bá gba ju ìdá mẹ́wàá kan owó iṣẹ́ ṣáájú, ó gbọ́dọ̀ ti fi ìwé pámíìtì sílẹ̀ láàárín 30 ọjọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí pámíìtì bá jáde. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ wà lórí rìsíìtì yín. Tó bá sì jẹ́ ìńṣọ́ránsì ló ń sanwó, tí kọntirákítọ̀ ní ẹ má dà á láàmú, òun á bá yín gbé deductible, ìyẹn owó tó yẹ kẹ́ẹ san látàpò ara yín, ẹ sá fún un, òfin ò fàyè gba ìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹnìkan lè sọ fún yín pé "ẹ lọ gba pámíìtì lórúkọ ara yín, ẹ ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe é, á dínwó kù." Lóòótọ́ òfin gba onílé láyè láti ṣe iṣẹ́ ilé tó ń gbé fúnra ẹ̀, owner-builder ni wọ́n ń pè é, ẹ̀ẹ́ sáìnì ìwé kan tó kọ gbogbo ohun tẹ́ẹ ń tọrùn bọ̀ síbẹ̀. Ìwé yẹn ní ẹ̀yin lẹ máa dúró ti iṣẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e fún ẹni tí kò ní laísẹ́ńsì láti ṣe kọntirákítọ̀ fún yín, tẹ́ẹ bá sì tà á tàbí fi háyà láàárín ọdún kan tó parí, òfin á gbà pé torí kẹ́ẹ lè tà á lẹ ṣe kọ́ ọ, ẹ sì ti rú òfin. Tí ọmọ iṣẹ́ kan bá jábọ́ láti orí òrùlé, ẹ̀yin ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ẹ gbà á lórúkọ ara yín, ẹ bi í léèrè ibi tí laísẹ́ńsì tiẹ̀ wà.

Àwọn ìwé tí ìlú máa gbà

Kọntirákítọ̀ ló máa fi wọ́n sílẹ̀, àmọ́ ẹ ní kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí yín kó tó fi sílẹ̀, kẹ́ẹ kà á. Fọ́ọ̀mù pámíìtì gbogbo gbòò wà, tí ẹ̀yin pẹ̀lú ẹ̀ máa sáìnì níwájú nótárì. Fọ́ọ̀mù òrùlé HVHZ tún wà lọ́tọ̀, ó ní apá tí wọ́n ń kọ irú òrùlé sí, wọ́n á ya òrùlé yín síbẹ̀ bó ṣe rí láti òkè, pẹ̀lú gígùn ẹ̀, ibi tó dagẹ̀rẹ̀ àti ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ibí ní òrùlé shingle tàbí táìlì níwájú, tí pátíò ẹ̀yìn sì tẹ́ pẹrẹsẹ, oríṣi méjì nìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ méjèèjì. Tí wọ́n bá gbàgbé ti pátíò, ìlú á dá ìwé padà, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ti lọ nìyẹn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni NOA, Notice of Acceptance. Ìwé tí Miami-Dade ń fún ilé iṣẹ́ tó ṣe ohun èlò ni, láti fi hàn pé wọ́n ti dán an wò, pé ó lè gba atẹ́gùn ibí dúró, Broward náà ń gbà á. Shingle ní tiẹ̀, bébà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ní tiẹ̀, táìlì ní tiẹ̀, fóòmù tí wọ́n fi ń lẹ táìlì mọ́lẹ̀ náà ní tiẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí NOA máa kú, ó wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ẹ wá fi orúkọ tó wà níbẹ̀ wé èyí tó wà nínú àdéhùn, kẹ́ẹ tún fi wé èyí tó wà lára páálí ọjọ́ tí wọ́n bá kó ẹrù dé. Èmi fúnra mi ni mo jáde lọ wo páálí ní iwájú ilé, mo rí i pé bébà tí wọ́n kó dé yàtọ̀ sí ti ìwé, wọ́n ní ọ̀kan náà ni, mo ní rárá, nọ́ńbà ò bára mu. Wọ́n lọ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ká ní mo dákẹ́ ni, ínspẹ́kítọ̀ ni ì bá rí i, a ò bá tún ṣí i.

Ewé kan tún wà tí kọntirákítọ̀ máa ń yára kọjá, tó máa kàn ní "ẹ sáìnì ibí, sáìnì ibí." Owner's Notification ni, nǹkan méje ló wà níbẹ̀ tẹ́ẹ máa kọ lẹ́tà orúkọ yín sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á. Ọ̀kan ní wọ́n á tún ìṣó pákó òrùlé kàn, ẹ ò lè ní ẹ ò fẹ́. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ ilé tó fara kanra, tí òrùlé kan ṣoṣo bo ẹ̀yin àti aládùúgbò, pé ẹ gbọ́dọ̀ fi tó o létí. Ọ̀kan wà fún ilé tí ẹ ti lè rí pákó òrùlé láti ìsàlẹ̀, tí kò sí síìlì, pé ìṣó lè yọ jáde lábẹ́ níbi tẹ́ẹ ti ń jókòó jẹun. Ọ̀kan sọ nípa omi tó máa ń dúró lórí òrùlé tó tẹ́, òmíràn nípa afẹ́fẹ́ inú àjà. Tẹ́ẹ bá ti sáìnì tán, ẹ ò lè wá sọ pé ẹ ò mọ̀.

Tí ilé yín bá ti dàgbà, tó ti wà kí Florida Building Code tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù March 2002, tí ìńṣọ́ránsì sì kọ iye ẹ̀ sí $300,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlú lè ní kí wọ́n fi irin de igi òrùlé mọ́ ògiri dáadáa, òfin sì ní ohun tẹ́ẹ máa ná sórí ìyẹn kò ní ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó òrùlé lọ. Ẹ bèèrè affidavit ẹ̀ lọ́wọ́ ìlú ní tètè.

Àwọn tó wà lábẹ́ HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ẹ gba àṣẹ tiwọn lọ́tọ̀. Pámíìtì ìlú ò sọ pé HOA gba àwọ̀ táìlì yín.

Notice of Commencement, ẹ má fojú kékeré wò ó

Tí iṣẹ́ bá ju $5,000 lọ, òrùlé sì máa jù ú lọ dájúdájú, onílé gbọ́dọ̀ sáìnì ìwé kan tó ń jẹ́ Notice of Commencement, kí wọ́n lọ fi sílẹ̀ ní ọ́físì tó ń tọ́jú ìwé county, kí ẹ̀dà ẹ̀ sì wà níbi iṣẹ́. Láìsí i ìlú ò ní ṣe inspection àkọ́kọ́. Ọdún kan ló máa ń lò, àyàfi tẹ́ẹ bá kọ ọjọ́ míì sí i.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì rèé. Ní Florida, ẹni tó ta shingle fún kọntirákítọ̀ yín, tí kọntirákítọ̀ ò sanwó fún, lè kọ gbèsè yẹn mọ́ ilé yín, lien ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ bá tiẹ̀ ti sanwó pé fún kọntirákítọ̀. Ẹ lè san ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìwé kan bá dé láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tẹ́ẹ ò mọ̀ rí, tó kọ Notice to Owner sókè, ẹ má bínú, ẹ má sì jù ú nù. Olùtà ẹrù ló ń sọ pé òun wà lórí iṣẹ́ yìí. Ẹ tọ́jú ẹ̀, gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ gba release of lien, ìwé tó ń sọ pé wọn ò ní kọ gbèsè owó yẹn mọ́ ilé yín, lọ́wọ́ ẹni yẹn àti lọ́wọ́ kọntirákítọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ìwé pámíìtì á wà níwájú ilé níbi tí èèyàn ti lè rí i láti títì. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kẹ́ẹ tó mú ọjọ́: June 1 sí November 30 ni ìgbà ìjì, tẹ́ẹ bá lè ṣe é ṣáájú June, ó dáa jù. Tẹ́ẹ bá gbọ́ pé ìjì ń bọ̀ nígbà tí wọ́n ti to táìlì sórí òrùlé tí wọn ò tíì lẹ̀ ẹ́, ẹ pe kọntirákítọ̀ kó wá kó o sọ̀kalẹ̀ tàbí kó dè é mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n á ṣí ti àtijọ́ dànù títí tí pákó á fi hàn. Pákó tó ti rà, wọ́n á yọ ọ́, kí iye tí wọ́n máa gbà lórí pákó kọ̀ọ̀kan ti wà nínú àdéhùn. Wọ́n á wá tún ìṣó kàn yí gbogbo ẹ̀ ká, ìṣó tí ìwọ̀n ẹ̀ ń jẹ́ 8d, tí ara ẹ̀ ní òrùka òrùka, ínṣì mẹ́fà mẹ́fà síra wọn. Tí bébà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń kàn mọ́lẹ̀, wọ́n á fi àwo irin pẹlẹbẹ kéékèèké sábẹ́ orí ìṣó ẹ̀, tin cap ni wọ́n ń pè é, kò tóbi ju ínṣì méjì lọ, ínṣì mẹ́fà síra níbi tí bébà ti gorí ara wọn, ínṣì méjìlá láàárín. Ibí ni ínspẹ́kítọ̀ ti máa kọ́kọ́ wá. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi shingle tàbí táìlì bo ohunkóhun kó tó dé. Àkàbà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún un, tí a so mọ́ òrùlé, tí orí ẹ̀ yọ ga ju etí òrùlé lọ, tí kò bá sí àkàbà ó máa yí ọkọ̀ padà ni, wọ́n á sì lè gba owó pé kó tún wá.

Kí wọ́n bo òrùlé kí ínspẹ́kítọ̀ tó dé gan-an ló bá wa nínú ilé àkọ́kọ́ yẹn. Kọntirákítọ̀ tuntun tó bá wa tún pámíìtì ṣí pe ínspẹ́kítọ̀, bàbá kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, ó gun òkè, ó wò yí ká, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní òrùlé yìí dáa lójú àmọ́ òun ò rí abẹ́ ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i, torí inspection àkọ́kọ́ pàápàá ò sí lákọsílẹ̀. A ní láti ṣí ibi mélòó kan tó ti wà dáadáa, kó lè fi téèpù wọn ìṣó. Mo dúró nísàlẹ̀, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fà á ya.

Inspection míì á tún wà bí iṣẹ́ bá ń lọ, pàápàá fún táìlì àti òrùlé pẹrẹsẹ, kó tó wá kan final. Ẹ máa wo pọ́tàlì fúnra yín lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ má dúró de ohun tí kọntirákítọ̀ bá sọ. Tí wọ́n bá kọ failed, á kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀. Tó bá lọ tó 180 ọjọ́ tí inspection kankan ò yege, pámíìtì ti kú nìyẹn.

Owó tó kẹ́yìn, ẹ di í mú. Kó pọ̀ débi tó máa dun kọntirákítọ̀ láti fi sílẹ̀, kẹ́ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn látìbẹ̀rẹ̀ pé ọjọ́ tí final bá yege lẹ máa san án, ọjọ́ tí wọ́n bá kan òrùlé tán kọ́. Tí pọ́tàlì bá ti kọ closed tàbí finaled, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ pa á pọ̀ mọ́ NOA, àwọn release, ẹ̀dà pámíìtì àti àwọn fótò pákó tẹ́ẹ yà nígbà tí òrùlé ṣì wà ní ìhòòhò.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ẹ pe ẹni tó ń ṣe wind mitigation inspection, ìyẹn àyẹ̀wò bí ilé ṣe lè gba ìjì dúró. Fọ́ọ̀mù tó máa kọ, OIR-B1-1802, bèèrè ọjọ́ tẹ́ẹ béèrè fún pámíìtì àti nọ́ńbà NOA, àwọn fótò ìṣó yẹn náà á wúlò fún un, òun lẹ máa fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì kí wọ́n dín owó yín kù. Tèmi dínkù nínú bíìlì tó tẹ̀lé e.